Àwọn Àṣìṣe Tí À Ń Ṣe Sí Akẹ́kọ̀ọ́ Júù ní Yunifásítì

Ọjọ́ Ẹtì kan ni, nínú Oṣù Kejìlá, ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn àlùfáà. Mo ní kí ọmọkùnrin Júù kan wá rí mi ní aago mẹ́ta ọ̀sán nítorí ọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa gùn. Ó wo fèrèsé, ó wo aago, ó tún wo fèrèsé. Mo rò pé mo ti sú u. Àṣé oòrùn ló ń wò. Nígbà tí a fi máa parí, oòrùn ti wọ̀, ọjọ́ ìsinmi ti wọlé, kò sì lè wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Ẹsẹ̀ ló fi rìn délé nínú òtútù yẹn.

Aago tiwa la fi ń ka ọjọ́ wọn. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìsinmi Júù kì í dúró di àárọ̀ Sátidé. Kí oòrùn ọjọ́ Ẹtì tó wọ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, títí ìràwọ̀ yóò fi yọ lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ní Lọ́ńdọ̀nù, oòrùn Oṣù Kejìlá ti ń wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù; ti Oṣù Kẹfà a máa kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹni tó bá ti bá ọmọ ìjọ Adventist, àwọn Kristẹni tó ń sinmi ní Sátidé, gbé yàrá rí ti mọ díẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Júù tó ń pa òfin mọ́ dáadáa kò ní tan iná, kò ní tẹ fóònù, kò ní kọ̀wé. Ẹ wá wo ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní, tó jẹ́ pé káàdì àti iná mànàmáná ni wọ́n fi ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Bí ọmọ náà bá ti sínágọ́gù dé lálẹ́ Ẹtì, ìta ni yóò dúró sí títí ẹlòmíràn yóò fi wọlé. Kọ́kọ́rọ́ irin kan péré ló lè yanjú ẹ̀, tí ẹnì kan bá rántí béèrè kí sáà tó bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àjọ̀dún. Òṣùpá ni wọ́n fi ń ka oṣù, àmọ́ kò dà bí ààwẹ̀ Ramadan tó ń yí ọdún ká: láàárín ọdún 19, ìgbà 7 ni wọ́n ń fi odidi oṣù kan kún un kí àjọ má baà kúrò ní àsìkò rẹ̀. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí Ọdún Tuntun wọn àti Ọjọ́ Ètùtù máa bọ́ sí Oṣù Kẹsàn-án tàbí Ìkẹwàá, nígbà tí ọmọ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò tíì mọ ẹnì kankan. Ní 2024, 12 Oṣù Kẹwàá ni Ọjọ́ Ètùtù. Ní 2025, 2 Oṣù Kẹwàá. Wákàtí 25, kò sóúnjẹ, kò sómi. Ọmọ ọdún 18 tí ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí ń wá ibi tí yóò ti ṣínu. Àwa ń dúró di Oṣù Kejìlá ká tó tan iná Hanukkah, àjọ ìmọ́lẹ̀ àwọn Júù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi Kérésì, ká wá máa yin ara wa. Hanukkah dùn, ṣùgbọ́n àjọ kékeré ni.

Ní ti oúnjẹ, ẹran halal kọ́ ni kosher, ìyẹn oúnjẹ tí òfin Júù fọwọ́ sí. Bí wọ́n ṣe pa á, ẹni tó pa á, ìkòkò tí wọ́n fi sè é, gbogbo rẹ̀ ló lófin, ẹran àti wàrà kì í sì í pàdé. Ìyá kan nílé ìdáná wa fi inú rere tú oúnjẹ kosher tí wọ́n ti dì pa, ó bù ú sínú àwo tó rẹwà. Ọmọ náà dúpẹ́, kò fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé e fún un pẹ̀lú èdìdì rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má fi èyí dé gbogbo wọn lórí. Àwọn kan wà tí kò sí ohun tí wọn ò jẹ, àmọ́ tí wọn kì í pa oúnjẹ alẹ́ Ẹtì nílé rábì jẹ. Ní Bìrìtìkó, àjọ University Jewish Chaplaincy máa ń fi rábì àti ìyàwó rẹ̀ sítòsí àwọn yunifásítì, tọkọtaya kan sì lè máa bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ mélòó kan. Ẹ tètè pè wọ́n. Àlùfáà Kristẹni, bó ti wù kó ka Májẹ̀mú Láéláé tó, kì í ṣe rábì.

Èyí tó dùn mí jù ni tiwa, àwa Yorùbá onígbàgbọ́. A fẹ́ràn Ísírẹ́lì. Láti kékeré la ti ń kọrin rẹ̀; àwọn pásítọ̀ wa mìíràn ń fun ìwo àgbò, wọ́n ń fi ìborùn àdúrà Júù kọ́rùn. Tí a bá wá rí Júù gidi, ọmọ ogún ọdún tó wọ jíǹsì, tí ìdánwò ìṣirò ń bà lẹ́rù, a ó dì mọ́ ọn: "Ọmọ Ábúráhámù!" Mo rí ìyáàfin kan tó gbọ́wọ́ lé ọmọbìnrin kan lórí, tó gbàdúrà lórúkọ Jésù tomijé-tomijé. Ìfẹ́ ni. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì padà wá mọ́. England tó lé gbogbo Júù jáde ní 1290, tí kò sì gbà wọ́n padà títí di 1656, ilẹ̀ tí irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ti lè rán Júù létí ìtàn tó korò ni.

Òdìkejì rẹ̀ náà burú: kí ọmọ gbé àwo oúnjẹ dání, kí a bi í pé kí ni ìjọba Ísírẹ́lì ń ṣe ní Gásà. Kì í ṣe aṣojú ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá sì bú u nítorí pé ó jẹ́ Júù, ẹ má sọ pé kó fi sílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti ọ̀rọ̀ náà gan-an sílẹ̀, kí ẹ bá a lọ fẹjọ́ sùn. Equality Act ti 2010, òfin ilẹ̀ Bìrìtìkó tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀, wà lẹ́yìn rẹ̀.

Tí òfọ̀ bá ṣẹ̀ nílé wọn, kíákíá ni wọ́n ń sìnkú, lẹ́yìn náà ni ẹbí yóò jókòó ọjọ́ méje. Ọmọ lè gba ilé lọ lóru. Ẹ má fi òdòdó ránṣẹ́, kì í ṣe àṣà wọn. Iṣẹ́ tó yẹ kó fà lé olùkọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé ńkọ́? Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ̀wé sí olùkọ́ rẹ̀.