Ẹ bá àwọn àgbà ilé yín wo ẹnu wọn

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí wà fún àwa tí a ń tọ́jú òbí tó ti dàgbà. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnu wọn ń gbẹ. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ti ara yíyún máa ń dín itọ́ kù, bẹ́ẹ̀ itọ́ ló ń dáàbò bo eyín. Tí kò bá sí, eyín á tètè jẹrà, pàápàá ní ìdí, níbi tí èrìgì ti sún sókè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi omi díẹ̀díẹ̀ mú ẹnu tutù. Súìtì tí a máa ń fún wọn pọ́n lá (àánú ni lójú tiwa) ló tún ń ba nǹkan jẹ́. Bí ẹnu wọn bá ń gbẹ, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín.

Ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride (èròjà tó ń dáàbò bo eyín), ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Kí wọ́n tu ìfófòó dànù, kí wọ́n má fi omi púpọ̀ yọ ẹnu. Bí ọwọ́ bá ń ro wọ́n, ẹ wé aṣọ mọ́ ìdí búrọ́ọ̀ṣì kó lè nípọn.

Eyín àtọwọ́dá ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ lálẹ́, ẹ fi ọṣẹ ìfọwọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì rẹ ẹ́ sómi tútù. Omi gbígbóná á tẹ̀ ẹ́, ọṣẹ ìfọyín á ha á lára. Ẹni tí kò ní eyín kankan mọ́ náà gbọ́dọ̀ fọ èrìgì àti ahọ́n.

Egbò ẹnu tí kò bá san lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ọ̀dọ̀ dókítà eyín ni, kódà bí kò bá dùn wọ́n.