Ìwádìí ìjàǹbá bàálù kì í ṣe ilé ẹjọ́: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Láti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, pápákọ̀ òfurufú Kùtọnú ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà lọ sí òkè òkun. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a mọ ohun tí àwọn tí ń wádìí ìjàǹbá bàálù lágbára láti ṣe àti ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn.

Àṣìṣe tí ó burú jù lọ ni kí ẹbí olóògbé máa dúró de ìròyìn ìwádìí kí wọ́n tó béèrè owó gbà-máà-bínú. Àfikún 13 sí Àdéhùn Chicago ti ọdún 1944, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí ìrìnnà òfurufú, sọ ọ́ kedere pé kí irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀ nìkan ni a fi ń ṣe ìwádìí, kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Oṣù 12 ni ó ní kí wọ́n gbìyànjú láti fi parí ìròyìn ìkẹyìn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó bá díjú a máa kọjá bẹ́ẹ̀. Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999, èyí tí ó wà fún owó gbà-máà-bínú nínú ìrìn àjò bàálù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ní tirẹ̀, kò fún olùpẹ̀jọ́ ju ọdún 2 lọ, láti ọjọ́ tí bàálù gúnlẹ̀ tàbí tí ó yẹ kí ó gúnlẹ̀. Bí àkókò yẹn bá ti kọjá, ẹ̀tọ́ náà bọ́ nìyẹn. Agbẹjọ́rò ni kí ẹbí kọ́kọ́ lọ bá, kí ìwádìí máa bá tirẹ̀ lọ.

Kí a má sì wá orúkọ ẹlẹ́bi kan ṣoṣo nínú ìròyìn. Nígbà tí Boeing 727 kan já sí etíkun Kùtọnú ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2003, tí èèyàn tí ó lé ní 130 kú, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, àjọ BEA tí ń wádìí ìjàǹbá bàálù ní ilẹ̀ Faransé sì bá wọn ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n rí i pé ẹrù pọ̀ jù, pé iwájú bàálù wúwo láìjẹ́ pé àwọn awakọ̀ mọ̀, pé ilé iṣẹ́ tí ń fi í ná òfurufú kò létò, àti pé àwọn aláṣẹ tí ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ ilé iṣẹ́ náà kò ṣọ́ ọ tó.

Àwọn mìíràn a máa gbé òfin Amẹ́ríkà wá sílé. Lóòótọ́, àjọ NTSB tí ń wádìí ìjàǹbá níbẹ̀ lè pàṣẹ kí ẹlẹ́rìí wá jókòó dáhùn ìbéèrè ní gbangba, láìsí olùpẹ̀jọ́ tàbí olùjẹ́jọ́, òfin wọn kò sì gbà kí a lo ìròyìn àjọ náà nínú ẹjọ́ gbà-máà-bínú. Òfin tiwọn nìyẹn. Níhìn-ín, adájọ́ lè ṣe ìwádìí tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí náà kí ẹni tí a bá pè kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ń pè é àti ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí gan-an, láìfi ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ará àdúgbò kún un.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣa àfọ́kù bàálù lọ sílé, bó ti wù kí ó kéré tó. Ẹni tí ó bá ya àwòrán, kí ó fi í lé àwọn olùwádìí lọ́wọ́ bí ó ṣe wà, láìgé e kúrú.