Bí A Ṣe Ń Fi DNA àti Ìṣirò Mọ Àwọn Bakitéríà Inú Omi Ògì

Ká ní ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ nìyí: bí a bá ń pààrọ̀ omi tí a fi rẹ àgbàdo ògì lójoojúmọ́, ṣé àwọn bakitéríà tó ń mú un kan yóò yí padà? Ìdí ìkòkò ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá jókòó ti kọ̀ǹpútà.

Ẹ rẹ àgbàdo kan náà sínú ìkòkò 16. Ẹ dìbò yan 8 tí ẹ ó máa pààrọ̀ omi wọn, kí ẹ fi 8 yòókù sílẹ̀. Ẹni tó bu omi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú ìkòkò kan ṣoṣo, ìkòkò kan náà ló yẹ̀ wò. Ó máa ń dùn mí bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ síbẹ̀, torí kò sí ìṣirò tó lè tún un ṣe.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ bu omi ìkòkò kọ̀ọ̀kan sínú ike tí kò ní kòkòrò, kí ẹ gbé e sínú fìríìsà −80°C.

Láti yọ DNA, ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ gbọ̀n ọ́n dáadáa, torí ògiri ara Lactobacillus, ọ̀kan nínú àwọn bakitéríà tó ń mú ògì kan, le. Ẹ ṣe ike òfìfo kan mọ́ wọn: gbogbo oògùn (kẹ́míkà) tí ẹ fi ń yọ DNA ni kí ẹ kán sí i, àyàfi omi ògì. DNA bakitéríà máa ń wà nínú oògùn yẹn fúnra rẹ̀, ike òfìfo ni yóò tú u fó.

Ẹ wá fi PCR, ọ̀nà tí a fi ń ṣe ẹ̀dà DNA, sọ apá V4 nínú jíìnì 16S rRNA di púpọ̀; gbogbo bakitéríà ló ní jíìnì yìí, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ láàárín wọn, òun la fi ń mọ̀ wọ́n. Jíìnì náà tó lẹ́tà DNA 1,500. V4 tó nǹkan bí 250. Àgbàdo náà ní irú jíìnì yìí nínú chloroplast àti mitochondria (àwọn ẹ̀yà kéékèèké inú sẹ́ẹ̀lì) rẹ̀, nítorí náà ẹ yọ tirẹ̀ kúrò nínú àbájáde kí ẹ tó ṣe ìṣirò kankan. 16S kò rí ìwúkàrà rárá. ITS, apá DNA mìíràn tí a fi ń dá olu mọ̀, ni tìyẹn.

Lẹ́yìn tí Illumina, ẹ̀rọ tó ń ka lẹ́tà DNA, bá ti kà á, ètò kọ̀ǹpútà DADA2 yóò ṣa àṣìṣe kúrò, àkójọ jíìnì SILVA yóò sì bá yín wá orúkọ àwọn bakitéríà náà. V4 kì í sábà dá ẹ̀yà kan mọ̀ yàtọ̀ sí ìbátan rẹ̀, ẹ má sọ ju ohun tí ẹ rí lọ.

Ìpín ni ẹ̀rọ fún yín, kì í ṣe iye. Bí ọ̀kan bá pọ̀ sí i, àwọn yòókù á dà bí ẹni tó dínkù, bí wọn ò tilẹ̀ dínkù. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ òṣùwọ̀n Aitchison, tó ń fi ìpín bakitéríà kan sí òmíràn wọn bí ìkòkò méjì ṣe yàtọ̀ síra tó. Ìdánwò ìṣirò PERMANOVA yóò pò àmì àwọn ìkòkò náà (èyí tí a pààrọ̀ omi rẹ̀ àti èyí tí a kò pààrọ̀) pọ̀ nígbà 999, láti mọ̀ bóyá èèṣì lásán ló ya ọ̀wọ́ méjèèjì sọ́tọ̀. Bí iye gan-an lẹ bá ń wá, ẹ fi qPCR, irú PCR tó ń ka iye ẹ̀dà jíìnì, kún un.