Bí Mo Ṣe Mọ Gíábọ́ọ̀sì Tí Katakata Mi Bá Wáyé

Ọ̀pá gíà ló kọ́kọ́ tàn mí. Ó yọ jáde láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì ẹni tó bá jókòó, ó ní iwájú mẹ́ta àti ẹ̀yìn kan, ó sì ń wọlé geere. Ẹni tí mo ra katakata náà lọ́wọ́ rẹ̀ ti sọ fún mi pé onígíà ni láti ilé iṣẹ́ wá. Kí ni mo tún fẹ́ máa wá kiri? Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi gbà bẹ́ẹ̀, títí di ọjọ́ tí mo ń ha ìdọ̀tí kúrò lábẹ́ sítíárì, tí mo rí àwo irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n jó mọ́ òpó rẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti jó o rí págunpàgun. Ilé iṣẹ́ kankan kò lè jẹ́ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ irú katakata tó jẹ́. Kì í ṣe èyí tó ń ro oko ńlá, èyí kékeré ni, tí a ń jókòó lé gé koríko àyíká ilé, tí a sì lè so irinṣẹ́ mọ́ nídìí láti fi túlẹ̀ ọgbà. Cub Cadet ni orúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ International Harvester ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ọdún 1960, ní Louisville, ìpínlẹ̀ Kentucky, ní Amẹ́ríkà. Àwọn àkọ́kọ́ ń fi bẹ́líìtì gbé agbára láti ẹ́ńjìnnì lọ sí gíábọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n ṣe oríṣi tí wọ́n pè ní 70 àti 100 jáde ní 1963, wọ́n yọ bẹ́líìtì yẹn kúrò, wọ́n fi ọ̀pá irin gbọọrọ sí i láti iwájú dé ẹ̀yìn. Tèmi ní ọ̀pá náà, nítorí náà kì í ṣe ti àkọ́kọ́. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òpó sítíárì àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe rí, oríṣi 122 tàbí 123 ló gbọ́dọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n àkọlé tó yẹ kó sọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì ti pa rẹ́ pátápátá.

Ìyàtọ̀ 122 sí 123 kì í ṣe kékeré. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni wọ́n ní, Kohler K301, agbára ẹṣin 12. Ibi tí wọ́n ti yà ni ẹ̀yìn. 122 ní gíà gidi, eyín irin tó ń bá eyín irin jà, pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì. 123 ni Cub Cadet àkọ́kọ́ tí wọ́n fi hydrostatic sí. Nínú ti hydrostatic, pọ́ǹpù kan ni ẹ́ńjìnnì ń yí, pọ́ǹpù yẹn á máa ti ọ́ìlì lọ bá mọ́tò kan tó wà nínú àpótí kan náà, mọ́tò náà ni yóò sì yí táyà. Àwo kan wà nínú pọ́ǹpù tó lè fì síwájú tàbí sẹ́yìn. Bó bá ṣe fì tó ni katakata ṣe máa sáré tó, bó bá sì fì sí òdìkejì, katakata á padà sẹ́yìn. Ọ̀pá kékeré kan ṣoṣo ní ẹ̀gbẹ́ sítíárì ló ń darí gbogbo rẹ̀, ẹ kò ní í tẹ kílọ́ọ̀ṣì kankan.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ni pé mo fẹ́ dá katakata náà padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde. Bí mo bá kọ 122 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó sì jẹ́ 123, irọ́ ni mo fi ọ̀dà tuntun kọ. Ẹni tó bá sì rà á lọ́wọ́ mi lọ́la yóò máa fi irọ́ yẹn ra páàtì.

Nọ́mbà ni mo kọ́kọ́ sáré lọ wò, bí gbogbo ènìyàn ṣe máa ń ṣe. Mo fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ẹ̀yìn títí mo fi rí àwo kékeré tí wọ́n tẹ nọ́mbà sí. Inú mi dùn. Mo pe ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń tún irú katakata yìí ṣe kí n tó mọ ohun tí sípánà jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí nọ́mbà rẹ̀ o."

"Ibo lo ti rí i?"

"Lára gíábọ́ọ̀sì, lẹ́yìn."

"Àbúrò mi, ìwé ẹ̀rí gíábọ́ọ̀sì lo mú dání yẹn. Ti katakata ńkọ́?"

Mo dákẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Lára àwọn Cub Cadet ayé ìgbà yẹn, ara irin ẹ̀yìn ni nọ́mbà náà máa ń wà. Bí ẹnikẹ́ni bá tú gíábọ́ọ̀sì kúrò tó sì gbé òmíràn sí i, nọ́mbà ti tẹ̀lé e lọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n tún fi kún un pé nọ́mbà kan náà ni ilé iṣẹ́ ń kà lọ láìdúró fún gbogbo oríṣi tí wọ́n ń ṣe, nítorí náà 122 lè tẹ̀lé 123 gbọ̀ngbọ̀n. Nọ́mbà lè júwe sáà tí wọ́n ṣe irin náà, kò lè sọ oríṣi rẹ̀. "Ṣáásì ni kí o lọ bi," ni wọ́n wí. "Ṣáásì kì í kó kúrò nílé."

Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ìlànà láti ọjọ́ náà.

Kí n tó dé orí ṣáásì, mo fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀ báyìí dájú, kí n má baà máa fi èrò ọkàn ṣiṣẹ́. Mo fi ọ̀pá gíà sí àárín, mo ti katakata náà pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó yí lọ wẹ́rẹ́. Hydrostatic kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì inú rẹ̀ máa ń dí i lọ́wọ́, ó máa ń wúwo bí ẹni ń ti ẹrù nínú ẹrẹ̀, àfi tí ẹ bá ṣí fáàfù tó ń jẹ́ kí ọ́ìlì gba ọ̀nà míì. Lẹ́yìn náà mo fi jáàkì gbé ẹ̀yìn sókè, mo gbé òkúta sí iwájú àti ẹ̀yìn táyà iwájú, mo sì fi igi líle ti abẹ́ ṣáásì, nítorí mi ò fọkàn tán jáàkì nìkan. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ọ̀pá gbọọrọ àti sí táyà kan, mo so táyà kejì kó má lè yí, mo wá ń fi ọwọ́ yí ọ̀pá náà, mo ń ka iye ìgbà tó yí kí táyà tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rántí ìlọ́po méjì o: nígbà tí táyà kan bá dúró, èkejì ń sáré ní ìlọ́po méjì, nítorí náà iye tí ẹ kà, ẹ fi méjì sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀. Gíà kìn-ín-ní fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ èjìká mi. Ẹ̀kejì dínkù, ẹ̀kẹta dínkù gan-an. Iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àti ti ẹ̀yìn. Gíà gidi ló wà níbẹ̀ láìsí àní-àní, inú rẹ̀ sì dá.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣìnà nígbà tí mo tú ọ́ìlì. Hy-Tran ló jáde, ọ́ìlì tí International Harvester ń tà nígbà náà fún hydrostatic. Mo ti ń pariwo nínú ọkàn mi pé mo ti rí ẹ̀rí, àṣé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń da ọ́ìlì kan náà sí onígíà. Ọ́ìlì kò jẹ́rìí sí nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì náà kò wúlò fún mi, ohun kan náà ló wà lára méjèèjì.

Mo ka ohun tí wọ́n rọ mọ́ irin gíábọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ náà máa ń rọ nọ́mbà tó parí sí R àti òǹkà kan, wọ́n sì máa ń rọ ọjọ́ mọ́ ọn: oṣù, ọjọ́, àti lẹ́tà kan tó dúró fún ọdún. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pa á, kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè, yóò yọ síta. Ẹ má ṣe fi nọ́mbà yẹn lọ ra páàtì tààrà, nítorí nọ́mbà tí wọ́n rọ mọ́ irin àti èyí tó wà nínú ìwé páàtì kì í sábà bára mu. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé lẹ́tà ọdún ara gíábọ́ọ̀sì kò bá lẹ́tà ara àwọn irin iwájú mu. Àwọn tiwájú bára wọn mu, ẹ̀yìn nìkan ló dá yàtọ̀. Ìyẹn fi ara jọ ẹ̀rí, ṣùgbọ́n irin lè pẹ́ nínú ilé ìkẹ́rùsí kí wọ́n tó lò ó, nítorí náà mi ò gbé ọ̀rọ̀ náà lé e lórí.

Ìgbà náà ni mo wá tú gbogbo bébà irin kúrò lórí ṣáásì. Mo ya fọ́tò ohun gbogbo kí n tó fọwọ́ kàn án, láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, láti abẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí. Ìdọ̀tí fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀: ibi tí gírísì dì sí ń sọ ibi tí nǹkan ti ń yí, ibi tí ọ̀dà ti mọ́ láìṣá ń sọ ibi tí nǹkan kan ti bò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Irin tó bo àárín, tí ọ̀pá gíà gbà jáde, ni mo kọ́kọ́ gbé wò. Ihò ibẹ̀ kò yípo dáadáa. Iná ni wọ́n fi gé e, etí rẹ̀ ní èéfín dídú àti irin tó yọ́ tó tún dì. Ihò ilé iṣẹ́ máa ń mọ́, ẹ̀rọ ló máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀dà àtijọ́ á sì wọ inú etí rẹ̀. Ti òpó sítíárì ni mo tẹ̀ lé. Mo fi fáìlì ha àwo tí wọ́n jó mọ́ ọn títí ó fi ṣí ní ìgun kan. Lábẹ́ rẹ̀ ni ihò tóóró gígùn kan wà, etí rẹ̀ dán, ọ̀dà òfeefèé àtijọ́ sì wà nínú etí náà yíká. Ihò tí ọ̀pá hydrostatic ń gbà kọjá nìyẹn. Ọkàn mi fò.

Síbẹ̀, irin àárín lè wá láti ara katakata míì, òpó náà sì lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣáásì nìkan ni kì í kó kúrò nílé. Mo fi aṣọ tó rin fún kẹrosíìnì nù ún tán, mo wá ń wo ihò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi. Ibi tí apá kílọ́ọ̀ṣì ti dúró ni ọ̀rọ̀ náà ti tú. Àwọn ihò tó gbé e dúró kò ní ọ̀dà nínú, irin lásán tó dípẹtà ni. Ọ̀kan nínú wọn yẹ̀ kúrò ní ìlà, ẹni tó lù ú sì ti kọ́kọ́ lu ibòmíràn, ẹnu dírìlì rẹ̀ yọ̀, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ di òní. Kò sí onígíà tí yóò jáde nílé iṣẹ́ tí wọn kò ní í ti pèsè ihò kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ fún.

Mo fẹ́ kí ojú kejì rí i. Mo fi páálí lé ẹ̀gbẹ́ ṣáásì, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò kọ̀ọ̀kan títí àpá rẹ̀ fi hàn, mo wá lu páálí náà síbi àpá yẹn. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, níbi tí 122 kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú rí. A gbé páálí náà lé e. Ihò ilé iṣẹ́ tó wà lára tiwọn fún kílọ́ọ̀ṣì kò sí lára tèmi, àwọn tí wọ́n lù lára tèmi kò sì bọ́ sí ojú kan náà. Ẹ̀gbọ́n yí páálí náà sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n bojú wo mi.

"123 ni o, àbúrò. Pọ́ǹpù rẹ̀ ló kú, ẹnìkan sì gbé gíà 122 sí i kó lè máa ṣiṣẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò burú?"

"Kí ló burú ńbẹ̀? Onítọ̀hún kò jẹ́ kó kú. Ìwọ ṣáà sọ òótọ́ nípa rẹ̀."

Mo ti ń wá ẹ̀yìn hydrostatic ti 123 láti ìgbà náà, mo sì mọ ohun tí mo ń béèrè fún báyìí: àpótí náà, ọ̀pá gbọọrọ tirẹ̀, àti gbogbo irin tó so ọ̀pá ìdarí mọ́ pọ́ǹpù. Gíà tó wà níbẹ̀ kò ní í lọ títí ìyẹn yóò fi dé. Mo da ọ́ìlì tuntun sí i, mo yí gbogbo bóòtù rẹ̀ le. Mo gé àwo àlúmíníọ̀mù kékeré kan, mo fi ìṣó àti òòlù tẹ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: ṣáásì 123, gíábọ́ọ̀sì 122, wọ́n gbé e wọlé lẹ́yìn. Abẹ́ ìjókòó ni mo fi wáyà so ó sí, níbi tí òjò kò ti lè bà á.