Ọmọ yó, kò ga: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú oúnjẹ ọmọ wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ìgbà tí ọmọ bá wọ girama, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ òbí níbí máa ń rántí ọ̀rọ̀ gíga. Wọ́n á ra oògùn, wọ́n á ní kó máa rọ̀ mọ́ igi, wọ́n á fi mílíìkì kún tíì rẹ̀. Ọmọ girama náà nílò oúnjẹ gidi, ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ jù nínú ohun tí oúnjẹ lè ṣe sí gíga ti kọjá lórí rẹ̀. Láti ìgbà tí oyún ti dúró títí ọmọ á fi pé ọdún 2, bí 1,000 ọjọ́ lápapọ̀, ni eegun ń sáré jù. Ọmọ tí wọ́n bí ní nǹkan bí sẹ̀ńtímítà 50 á fi bí 25 kún un kó tó pé ọdún kan, á sì tún fi bí 12 kún un lọ́dún kejì. Tó bá ti pé ọdún 4, bí 5 sí 6 ni yóò máa rí lọ́dún títí ìbàlágà á fi dé.

“Ìdílé wa kì í ga.” Gbólóhùn yìí ló ń bo àwọn àṣìṣe yòókù mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni pé ọmọ ń jogún gíga lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Síbẹ̀, àwọn obìnrin Gúúsù Kòríà tí wọ́n bí ní 1996 fi bí sẹ̀ńtímítà 20 ga ju àwọn tí wọ́n bí ní 1896 lọ. Ẹ̀jẹ̀ ìdílé wọn kò yí padà láàárín ìgbà yẹn. Oúnjẹ àti ìtọ́jú àìsàn ló yí padà. Ní tiwa, ìwádìí ìlera tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, 37 ni kò ga tó bó ṣe yẹ fún ọjọ́ orí wọn. Ìdílé kúkúrú kò lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ògì ni mo fẹ́ bá wa wí lé lórí jù. A ó rẹ àgbàdo, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó da èèrí rẹ̀ fún ewúrẹ́. Púpọ̀ nínú púrótéènì àti ohun aṣaralóore tó wà nínú àgbàdo bá èèrí yẹn lọ. Èyí tó kù, a tún fi omi là á títí yóò fi lè gba ẹnu ìgò ọmọ. Inú ọmọ oṣù 6 kéré, omi la sì fi kún un. Ọmọ á mu ún, á yó, á sùn, ara rẹ̀ á tiẹ̀ máa kún, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa fura.

Láti 1969 sí 1977, ní orílẹ̀-èdè Guatemala, àwọn olùwádìí fún abúlé méjì ní oúnjẹ mímu kan tó jọ ògì, tó ní púrótéènì àti mílíìkì nínú. Wọ́n fún abúlé méjì mìíràn ní omi dídùn tí kò ní púrótéènì. Àwọn ọmọ tó mu ti àkọ́kọ́ ga ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n lára àwọn tí kò tíì pé ọdún 3 nìkan ni ìyàtọ̀ náà ti hàn.

Mi ò ní kí ẹ pa ògì tì. Kí ó ki, kó lè dúró lórí ṣíbí. Kí ẹ po ẹyin, edé gígún tàbí ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú epo pupa díẹ̀. Àwọn tó ń ṣe Tom Brown, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ro ògì ọmọ, máa ń wọn ọkà ìwọ̀n 6, ẹ̀wà sóyà ìwọ̀n 3, ẹ̀pà ìwọ̀n 1, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ̀pà tó bá ti bu, ẹ dà á nù, májèlé wà nínú rẹ̀. Kí ọmọ tó pé oṣù 6, ọmú nìkan ni, kò sí omi, kò sí àgbo. Ìyá àgbà á bínú díẹ̀, inú rẹ̀ á sì tún rọ̀.

Ẹ wá wo ìkọ́kọrẹ́. Bí wọ́n bá ní kí n wá oúnjẹ ilé tó bá ọmọ oṣù 9 mu, òun ni n ó kọ́kọ́ mú, tí ata rẹ̀ ò bá ti pọ̀: ó rọ̀, ó lépo, ó lẹ́ja. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe ń bù ú? Ẹja á wọ abọ́ bàbá, ewùrà lásán á kan ọmọ. Wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹran àti ẹyin á jalè. Èyí tí kò rí i jẹ gan-an ló máa ń yọ ọwọ́ sínú ìkòkò. Wọ́n tún ń ní kí aboyún má jẹ ìgbín, kí ọmọ rẹ̀ má baà máa da itọ́, bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ kan wà láyé tí kì í da itọ́.

Ẹyin kan ní púrótéènì bíi gíráàmù 6. Ní Ecuador, àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n fún ní ẹyin kan lójúmọ́ fún oṣù 6 ga ju àwọn tí wọn kò fún lọ. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní Malawi, ẹyin kò fi kún gíga wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ti ń jẹ ẹja adágún tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó wà létí omi ní Ìwòpin, tí edé àti alákàn ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá lọ sọ́jà, kò nílò kó máa wá ẹyin kiri. Kó yọ tọmọ sílẹ̀ kó tó tà. Ẹja yòyò tí a gún teegunteegun wúlò gan-an, torí pé kálíṣíọ́ọ̀mù wà nínú eegun rẹ̀. Àwọn dókítà tó ṣèwádìí lórí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn ń tẹ̀ ní Nàìjíríà rí i pé àìtó kálíṣíọ́ọ̀mù nínú oúnjẹ ló sábà máa ń fà á, kì í ṣe àìrí oòrùn. Pọ̀nmọ́ kì í ṣe arọ́pò ẹja o.

Gàrí ńkọ́? Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló máa bá gàrí jà? Ṣùgbọ́n nínú gíráàmù 100 gàrí, púrótéènì kì í sábà ju gíráàmù 1 sí 2 lọ. Bí ọmọ bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, tó mu ún pẹ̀lú ṣúgà, ebi á lọ, eegun ò rí nǹkan gbà. Ẹ fi ẹ̀pà, àkàrà tàbí ẹja díndín sí i. Ebìrìpò àti ọ̀jọ̀jọ̀ náà nílò alábàárìn.

Ọmọ tó ń ṣu ọ̀rìnrìn kì í sáré ga, bó ti wù kó jẹun tó. Ẹ má ṣe gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ nítorí pé inú ń ṣe é. Ẹ fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pè ní ORS, pẹ̀lú oògùn zinc fún ọjọ́ 10 sí 14, kí ọmú àti oúnjẹ sì máa bá a lọ. Tó bá ti lé ní ọdún kan, ẹ béèrè oògùn aràn ní ilé ìlera.

Oògùn tí wọ́n ń tà lọ́jà pé ó ń mú ọmọ jẹun, ó ń mú un sanra, ẹ sá fún un. Dexamethasone wà nínú irú wọn mìíràn: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ á wú, ẹ ó rò pé ó ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ oògùn yẹn gan-an ń dá eegun rẹ̀ dúró.

Àṣìṣe tó kù ni pé a kì í wọn ọmọ. Òṣùwọ̀n la máa ń gbé e lé, a kì í wo bó ṣe gùn tó. Nígbà àjẹsára, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n, kó kọ ọ́ sínú káàdì: ní ìdùbúlẹ̀ títí á fi pé ọdún 2, lórí ìdúró lẹ́yìn náà. Nílé, ẹ fi bírò fa ìlà sára ògiri, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, láìwọ bàtà. Bí ọmọ tó ti lé ní ọdún 4, tí kò tíì bàlágà, kò bá fi sẹ̀ńtímítà 4 kún gíga rẹ̀ láàárín ọdún kan, ẹ gbé e lọ rí dókítà ọmọdé, kí ẹ mú káàdì náà dání.