Bá a ṣe ń fi eré ìdárayá mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀: díẹ̀díẹ̀, láìsé èémí

Ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ fún pé BP yín ga, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé tí wọ́n bá ti gbọ́ pé eré ìdárayá ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ọjọ́ kan péré ni wọ́n á fi ṣe gbogbo ẹ̀, wọ́n á sáré títí ara á fi máa ro wọ́n, wọn ò ní lè dìde lọ́jọ́ kejì, ó tán nìyẹn. Bíi oògùn ni ẹ jẹ́ ká ṣe é, ìwọ̀nba lọ́jọ́ kan, ká sì tún lò ó lọ́la. Tẹ́ ẹ bá rìn dáadáa lónìí, BP yín máa ń wálẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, nígbà míì ó máa ń tó ọjọ́ kan gbáko, lẹ́yìn náà ló máa padà sókè, ìdí tí ìrìn ọ̀la fi ṣe pàtàkì nìyẹn.

Àkọ́kọ́, ẹ wọn BP yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, ẹ gbé apá lé tábìlì kó ṣe déédéé àyà, ẹ má sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mu kọfí tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ agbára, ẹ dúró ná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí nọ́ńbà òkè bá ti tó 180, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ tó 110, ẹ má ṣe eré ìdárayá kankan lọ́jọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Tó bá wá jẹ́ pé àyà ń dùn yín, ẹ ò rí èémí mí dáadáa, ojú ń ṣú tàbí ẹnu ń wọ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ o. Ẹni tó bá ti ní àìsàn ọkàn rí, tàbí rọpárọsẹ̀, tàbí tó lóyún, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó ṣe èyíkéyìí nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Kẹ́nikẹ́ni má sì torí pé òun ń rìn kó wá pa oògùn tì.

Ìkejì ni rírìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kéèyàn ṣe tó ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀, ìyẹn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún. Tó bá pẹ́ tẹ́ ẹ ti rìn kẹ́yìn, ẹ fi ìṣẹ́jú 10 bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi 5 kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yá tó? Ẹ gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tẹ́ ẹ ò lè kọrin, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo atenolol tàbí bisoprolol, ẹ má tẹ̀ lé nọ́ńbà tí aago ọwọ́ ń kà, torí oògùn yẹn kì í jẹ́ kí ọkàn sáré, ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ rọra rìn fún ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì tún rọra rìn fún 5 tó kẹ́yìn, ẹ má kàn dúró gbagidi, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹsẹ̀ ti là sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ síbẹ̀, òòyì á wá kọ́ yín, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo oògùn tó ń la iṣan ẹ̀jẹ̀ bíi amlodipine. Tí orúnkún bá ń dùn yín, kẹ̀kẹ́ tàbí wíwẹ̀ nínú omi náà dáa.

Ìkẹta yìí ni mo fẹ́ràn jù, àwọn èèyàn ò sì mọ̀ ọ́n tó: jíjókòó sára ògiri láìsí àga. Lọ́dún 2023, ìwádìí kan jáde nínú British Journal of Sports Medicine, wọ́n kó àyẹ̀wò 270 jọ, wọ́n rí i pé irú eré ìdárayá téèyàn ń dúró sójú kan tí iṣan ara ń le yìí ló mú BP wálẹ̀ jù, nǹkan bíi 8 lórí nọ́ńbà òkè àti 4 lórí ti ìsàlẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri, ẹ gbé ẹsẹ̀ síwájú díẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa yọ̀ wálẹ̀ bíi pé ẹ fẹ́ jókòó. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2, lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ máa sinmi fún ìṣẹ́jú 2 láàárín, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 20 ti tó o, kẹ́ ẹ má sì lọ sílẹ̀ púpọ̀.

Itan á máa gbọ̀n, ojú á le, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ẹ ti sé èémí mọ́ inú, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, torí téèyàn bá sé èémí nígbà tí iṣan ara le, BP á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń ka nọ́ńbà síta, ení, èjì, ẹ̀ta, kó dún jáde, torí ẹni tó ń kà síta ò lè sé èémí. Ẹni tí BP ẹ̀ ò tíì rọlẹ̀ pẹ̀lú oògùn, kó fi rírìn bẹ̀rẹ̀ ná, kó fi ti ògiri yìí sílẹ̀ títí dókítà á fi gbà fún un.

Gbígbé nǹkan tó wúwo díẹ̀ náà wà ńbẹ̀, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ẹ mú èyí tẹ́ ẹ lè gbé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìjanpata, ẹ mí síta tẹ́ ẹ bá ń gbé e, ẹ mí sínú tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ máa wọn BP yín ní àkókò kan náà láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó lo oògùn, kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé kékeré. Ẹ má retí pé kó wálẹ̀ kó sì dúró bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó máa ń tó oṣù kan sí mẹ́ta kó tó hàn dáadáa, tẹ́ ẹ bá sì dá a dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó ti padà síbi tó wà. Tó bá wá wálẹ̀ débi pé òòyì ń kọ́ yín tẹ́ ẹ bá dìde, ẹ má fọwọ́ ara yín dín oògùn kù, ẹ gbé ìwé yẹn lọ bá dókítà, òun ló máa wò ó bóyá kó yí ìwọ̀n ẹ̀ padà.