Ásímà Ni Àbí Òtútù Lásán? Ìtọ́sọ́nà fún Ará Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ láfún, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin adìyẹ lọ́nà Òṣíẹ̀lẹ̀, ẹ̀yin aláàdìrẹ Ìtókù, ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín máa ń wúkọ́ lóru, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Ásímà, àìsàn tó ń mú kí ọ̀nà èémí fún pọ̀, máa ń wá, á tún lọ, ibẹ̀ ló ti ń rí wa mú. Nǹkan bí aago 3 ìdájí, àyà ọmọ á máa súfèé, á fún un pinpin, á dìde jókòó torí kò lè dùbúlẹ̀, tó bá fi máa di aago 10 àárọ̀ ó ti ń sáré kiri, ẹ gbé e dé ọsibítù, dókítà gbọ́ àyà ẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní òtútù ni, wọ́n fún un ní oògùn ikọ́.

Torí ẹ̀, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ fi fóònù ká fídíò ẹ̀ lóru, kí súfèé yẹn dún dáadáa, ẹ ká aṣọ sókè kí ìhà ẹ̀ hàn. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́ wo, aago mélòó, kí ló ṣáájú ẹ̀: eruku ọyẹ́, èéfín igi, kọ́ìlì ẹ̀fọn, pafúùmù, bọ́ọ̀lù tó gbá, ọ̀fìnkìn. Tẹ́nì kan bá ní in nínú ẹbí, ẹ sọ ọ́, kì í ṣe nǹkan ìtìjú, kì í ràn.

Ti iṣẹ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí jù. Bàbá tó ń lọ láfún, tí ìyẹ̀fun ti bo irun ìpéǹpéjú ẹ̀ funfun, ẹ bi í pé, lọ́jọ́ tẹ́ ò bá lọ síṣẹ́, ṣé èémí yín máa ń já gaara? Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kó sọ ọ́ fún dókítà gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ̀. Eruku ibi iṣẹ́ lè máa fa ásímà: eruku abẹ́ adìyẹ náà ń ṣe é, òórùn kẹ́míkà haidirọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pò mọ́ aró náà ń ṣe é.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ò lè sọ pé ásímà ni, X-ray náà ò lè sọ ọ́. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ fẹ́ atẹ́gùn tagbára-tagbára sínú ẹ̀rọ spirometer, wọ́n á fín salbutamol, oògùn tó ń la ọ̀nà èémí, sí yín lẹ́nu, ẹ ó dúró bí ìṣẹ́jú 15, ẹ ó tún fẹ́ ẹ. Fún àgbàlagbà, tí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ jáde ní sẹ́kọ́ńdì àkọ́kọ́ bá fi 12% àti 200 ml lọ sókè, ó kéré tán, ó jọ ásímà gan-an. Tí ò bá sí ìyẹn, peak flow meter wà, oníke kékeré tẹ́ ẹ ó máa fẹ́ láàárọ̀ lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, tẹ́ ẹ ó máa kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5 kì í sábà lè fẹ́ ẹ dáadáa, fídíò yín àti bí oògùn ṣe ṣe é sí ni dókítà á wò. Ẹ bèèrè ní FMC Ìdí-Àbà tàbí ọsibítù ìjọba n'Íjàyè.

Ikọ́ tó lé ní ọ̀sẹ̀ 2, tó ń mú ibà, òógùn òru àti rírù dání, àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe, TB, ìyẹn ikọ́ ife, lè wà níbẹ̀. Ọmọ tó ṣàdédé ń súfèé lẹ́yìn tó jẹ ẹ̀pà, ẹ̀pà lè ti há a.

Tí ẹni tí ásímà mú ò bá lè sọ gbólóhùn kan parí, tí ètè ẹ̀ ń dúdú, tàbí tí súfèé dá nígbà tó ṣì ń jà fún èémí, ẹ má ro epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má wá àgbo. Ẹ gbé e jókòó, ẹ fín ínhélà búlúù ẹ̀ (salbutamol) sí i lẹ́nu tó bá ní, kẹ́ ẹ wá ọkọ̀ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ sì máa fín in lọ lójú ọ̀nà.